Ife Kọfí Mẹ́ta Lórí Oògùn Ikọ́ Fée

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi nílùú Ọ̀tà, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo ṣèdánwò wíwa fọ́kìlífù, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́rù nílé iṣẹ́ bísíkíìtì wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ ọ̀gá pé kó mú mi kúrò nídìí ìyẹ̀fun, torí mo ní ikọ́ fée.

Nígbà tó ku ọ̀la, nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ fún mi ní oògùn oníhóró tuntun. Ó ń ṣàlàyé, èmi ń wo ọkọ̀ Ijoko tó máa gbé mi relé, tó ti fẹ́ lọ. Ohun tí mo gbọ́ ò ju "lẹ́yìn oúnjẹ" lọ.

Láàárọ̀, mo lo oògùn. Kí oorun má bàa kùn mí, mo mu kọfí dúdú ife mẹ́ta lé e. Ọgbọ́n orí tèmi nìyẹn.

Kí n tó dé ibi iṣẹ́, àyà mi ti ń lù kìkìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sáré lọ tọ̀ kí wọ́n tó pè mí. Mo gun ọkọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, irin tó yẹ kó wọ abẹ́ ẹrù bá gún páálí, bísíkíìtì dà sílẹ̀. Mo ní kí n padà sẹ́yìn, mo tún fi ìdí ọkọ̀ kọlu ògiri.

Ọ̀gá sún mọ́ mi, ó ń gbóòórùn ẹnu mi.

"Màdáámú, kí lẹ mu?"

"Kọfí ni, ọ̀gá."

"Kọfí wo ló ń mú èèyàn gbọ̀n báyìí?"

Ó ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó mutí. Mo fẹ́, mo wúkọ́. Mo tún fẹ́, mo tún wúkọ́. Ó ní mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Èmi tí mi ò fẹnu kan ọtí rí! Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ka bí ọkàn mi ṣe ń lù, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé mi ò ní kẹ́ ẹ má mu kọfí? Èròjà kan wà nínú iṣan ọ̀nà èémí yín tó ń jẹ́ kó dẹ̀. Àwọn èròjà ara míì tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù ló máa ń gé e wẹ́wẹ́. Oògùn yìí ń dí wọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ lè mí dáadáa. Ìbátan oògùn yìí ni kọfí, iṣẹ́ tó jọra ni wọ́n ń ṣe. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, wọ́n sì dojú kọ ọkàn yín."

Ojú ti ọ̀gá, ó bẹ̀ mí. Àmọ́ ìdánwò di oṣù tó ń bọ̀, mo sì padà sídìí ìyẹ̀fun lọ máa wúkọ́.

Mo ti yege ìdánwò náà báyìí. Ẹni tó bá fún mi lóògùn, n ó bi í ní gbogbo ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ jẹ àtèyí tí mi ò gbọ́dọ̀ mu kí n tó dìde. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníkọfí ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ títí dòní. Ó ń bí mi nínú o, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti pè é, ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ rín.