Ọrùn Kẹ̀kẹ́ Májẹ́kódùnmí

Bí ẹ bá dé Òmù-Àrán láyé ìgbà tí Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìlọrin, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọjà, tó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń wá òjò, Májẹ́kódùnmí ni. Májẹ́kódùnmí Ẹ̀yìn-kì-í-tẹ̀, Adúró-kí-baálẹ̀, Arìn-má-wolẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ ní oríkì yìí. Ìyá tó bí i kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Èkó ló ti kó ìgbéraga náà bọ̀. Ó bá Òyìnbó kan tó ń wọn ọ̀nà rélùwéè ru àpótí fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí Òyìnbó náà sì ń padà sílùú wọn, ó fi kẹ̀kẹ́ ológeere kan ta á lọ́rẹ. Májẹ́kódùnmí bá gbé e bọ̀ wálé. Ẹ jẹ́ n tún un sọ dáadáa: aláàárù ló gbé e bọ̀, nítorí ọ̀nà igbó kò ṣeé gùn. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé èèyàn, orí èèyàn ló gùn dé Òmù-Àrán. Ìgbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọ̀lú ló tó gùn ún, tí tọmọdé tàgbà sì jáde wá wo ẹṣin irin.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti gan. "Ẹni tó bá ti gun irin," a máa wí, "kò gbọdọ̀ fi àyà kan ilẹ̀ mọ́ láéláé."

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Májẹ́kódùnmí ń fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ Ọdẹ́wálé, àgbẹ̀ kan ní Rore. Ó fẹ́ràn ọmọ náà tọkàntọkàn. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n máa káàánú rẹ̀ díẹ̀. Ilé méjì ti lé e ṣáájú nítorí pé òòró ló dúró kí àwọn àgbà wọn. Rẹ̀mílẹ́kún kò fẹ́ kí tilé bàbá òun náà rí bẹ́ẹ̀.

"Bàbá mi kò béèrè ẹrù púpọ̀," ó wí fún un. "Kí o wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹbí, kí àyà rẹ kan ilẹ̀. Bí o kò bá ṣe é, ọmọkùnrin ará Òwu-Ìsin kan ń bẹ tó ti ṣe é, wọ́n á sì fi mí fún un."

"Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú àgbẹ̀ oníṣu?"

"Iṣu rẹ̀ lo jẹ lánàá."

Májẹ́kódùnmí ronú títí. Ó fẹ́ ìyàwó, kò fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó yá, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ògúnyẹmí alágbẹ̀dẹ.

"Ọrùn rẹ̀ ga jù," ó wí, ó sì na ìka sí irin kúkúrú tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró. "Rọ òmíràn fún mi tó máa wálẹ̀, kí n lè na ara lé e lórí."

"Kí ni o fẹ́ fi ṣe?"

Májẹ́kódùnmí wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bí mo bá gùn ún wọ agboolé Ọdẹ́wálé, tí àyà mi sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n á ní mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á fún mi lọ́mọ. Èmi á sì mọ̀ nínú ara mi pé mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó ni."

Ògúnyẹmí fi ẹ̀mú sílẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ wẹ̀ tí kò fẹ́ kí omi kan òun, pé ṣùgbọ́n tibí yìí tún yàtọ̀. Ó rọ ọrùn mẹ́ta kó lè yan èyí tó wù ú.

Ọ̀kan dúró ṣánṣán bíi ti adìẹ. Májẹ́kódùnmí gùn ún wò, ó jókòó bí ìyàwó tuntun, ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi èkejì sí i, èyí tó tẹ̀ díẹ̀. Ó dà bí ẹni tí owó ẹyọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá a kiri. Ìyẹn náà kò tó. Wọ́n wá fi ẹ̀kẹta sí i, èyí tó sorí kodò bíi ti igún. Àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà, orúnkún sì ń gbá a níkùn.

"Èyí gan-an ni," ó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"O ò lè gbé orí sókè mọ́," ni Ògúnyẹmí wí. "Báwo lo ṣe máa rí ọ̀nà?"

"Ta ló ń wo ọ̀nà? Ọ̀nà ni kó máa wò mí."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ kóòtù funfun, ó sì wá Kolo, Tápà kan tó máa ń ta ẹní lọ́jà, pé kó bá òun ru iṣu àna. Kolo bọ́ síwájú pẹ̀lú iṣu lórí. Májẹ́kódùnmí tẹ̀ lé e lórí ọrùn igún, kò sì rí ohun kan láyé yìí ju gìgísẹ̀ Kolo lọ. Ibi tí gìgísẹ̀ bá yà sí ni òun náà ń yà sí.

Ọ̀nà kò dákẹ́ fún un. Gbogbo ẹni tó bá rí ọkùnrin tó tẹ̀ báyìí ló gbà pé òun ló ń kí. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ létí odò ní, "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ọlọ́run á gbé ọ ga o." Bàbá àgbà kan tó ń da ewúrẹ́ ní kó má wulẹ̀ tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé òun ti gbà á. Májẹ́kódùnmí pa eyín pọ̀. Ẹni máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Wọ́n dé agboolé Ọdẹ́wálé. Ẹbí ti pé jọ sábẹ́ igi ọ̀dán lápá ọ̀tún. Kolo dúró, ó yí padà kó lè dúró de ọ̀gá rẹ̀. Májẹ́kódùnmí rí i pé gìgísẹ̀ ti di ọmọ ìka ẹsẹ̀, òun náà bá dúró. Ó na àyà sórí irin, ó sì sọ fún ẹsẹ̀ Kolo pé, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà."

Ọdẹ́wálé ló kọ́kọ́ dìde.

"Wọ́n sì ní agbéraga ni," ó wí. "Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ wo ọmọ tó wá fẹ́ ìyàwó. Aláàárù rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ fún kó tó kan àwa. Ẹni tó lè tẹ̀ fún ẹni tó ru iṣu rẹ̀ kò ní fìyà jẹ ọmọ mi. Irú rẹ̀ ni mo ti ń wá. Rẹ̀mílẹ́kún, bu omi wá fún ọkọ rẹ."

Ẹ̀yin ará, ó ti bọ́ sí i! Ohun tó kù kò ju kó dákẹ́ lọ. Rẹ̀mílẹ́kún ń gbé omi bọ̀, ó ń fún ètè pọ̀ sí i, ó ń fojú bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Aláàárù?" Májẹ́kódùnmí wí. "Ta ló tẹ̀ fún aláàárù?"

"Ìwọ ni. Ojú wa ló ṣe."

"Bàbá, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Mi ò tẹ̀ fún Kolo."

"Ó dára," ni Ọdẹ́wálé wí pẹ̀lú sùúrù. "Àwa lo tẹ̀ fún, àbí?"

"Ẹ̀yin náà kọ́. Ọrùn kẹ̀kẹ́ yìí ló tẹ̀, èmi jókòó ni tèmi. Ẹ lọ bi Ògúnyẹmí alágbẹ̀dẹ. Ọrùn mẹ́ta ló rọ, mo sì yan èyí tó lọ sílẹ̀ jù, kí ẹ lè rò pé mo dọ̀bálẹ̀."

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ.

Rẹ̀mílẹ́kún dúró. Ó da omi náà sílẹ̀, ó sì yíjú sí ibòmíràn. Ó dun ọmọ náà, ẹ má tan ara yín jẹ.

"Kolo," ni Ọdẹ́wálé wí, "má wulẹ̀ sọ iṣu yẹn kalẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Ẹ̀yìn-kì-í-tẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ nù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ omi tí wọ́n dà, tòun ti kóòtù funfun. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo ti dọ̀bálẹ̀. Ẹ wò ó, àyà mi ti kan ilẹ̀."

"Ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, Bàbá," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ó lè jẹ́ irin mìíràn ló gbé e."

Àwọn ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àna kì í dìde títí wọn yóò fi ní kó dìde, Májẹ́kódùnmí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń retí. Ọdẹ́wálé gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọlé. Ẹbí tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Rẹ̀mílẹ́kún ló wọlé kẹ́yìn, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Kolo nìkan ló kù níta tòun ti iṣu lórí. Ó wo ọkùnrin tó nà gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Dìde, ọmọ mi," ó wí.

Májẹ́kódùnmí sì dìde.