Díyọ́ọ̀dù Tí Mo Wọ̀n Ní Tútù

Mànàmáná fúnra rẹ̀ máa ń yà kí mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe l'Àkpàkpà kó tó lọ tan iná fún ìyókù Kútọ̀nú. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi mànàmáná. Síbẹ̀, ọjọ́ kan wà tó há sí mi lọ́kàn bí eegun ẹja, kò lọ, kò bọ̀.

Mo ń fẹ́ Ìyá Músílì nígbà náà, opó kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Misẹ́bò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alájì, ni yóò mú wa lọ sí Ṣakété lọ́jọ́ Jímọ̀ kí àwọn àgbà ẹbí wọn lè wò mí. Bí wọ́n bá kọ̀ mí, ó parí nìyẹn. Ọkọ̀ Pijó Alájì la máa gbé lọ, ṣùgbọ́n àtẹ́nátọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ti dákẹ́. Mo ní kí Alájì fi í sílẹ̀ fún èmi àna wọn.

Díyọ́ọ̀dù kan ló jóná nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí apá kan ṣoṣo ni díyọ́ọ̀dù: iná gba ibẹ̀ wọ bátìrì, kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ padà. Mo ra òmíràn nínú òkìtì àlòkù. Àwa tá à ń ra àlòkù, òfin wa ni pé ká kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná, irin tá a fi ń jó wáyà pọ̀, kàn án ká tó fi mítà tó ń wọn iná wò ó. Ṣùgbọ́n mo ti wọ agbádá funfun, ta ló fẹ́ koná mọ́ èédú? Mo wọ̀n ọ́n ní tútù, nínú ọyẹ́ òwúrọ̀ Jímọ̀ yẹn. Mítà ní kò síyọnu, mo bá tì í sínú àtẹ́nátọ̀.

Ohun tí ìdajì ìwé tí mo kà jẹ́ kí n mọ̀ rèé: ègé sílíkọ́nì kan, ohun tí wọ́n ń yọ nínú iyanrìn, ló wà nínú díyọ́ọ̀dù, orí ègé mìíràn tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti mú un hù. Bí ìpìlẹ̀ bá lábùkù, àbùkù náà á máa bá a gòkè bọ̀, bí ògiri tó là láti ìsàlẹ̀. Ojú ò lè rí i. Bó bá tutù, iná ò ríbi gbà padà. Bó bá gbóná, iná á máa yọ́ padà gba ẹ̀yìn.

A dé Sẹ̀mẹ̀, a yà kírun Jímọ̀. Lémọ́ọ̀mù wáàsí títí. Nígbà tá a jáde, Alájì yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ṣe "kẹ́", ó dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé àtẹ́nátọ̀, ó jó mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti tutù. Iná bátìrì ti ń ṣàn padà sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wáàsí.

"Àna wa, kí ló ṣe ọkọ̀ yìí?"

"Ó ń sinmi ni, Alájì."

"Ṣé ó ń gbààwẹ̀ ni?"

Ìyá Músílì wò mí ṣùn-ùn. "Bàbá, ẹ má tíì máa parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fún yín níyàwó ná."

Mo tú wáyà àtẹ́nátọ̀ kúrò, mo wá fi agbádá funfun ti Pijó nínú iyanrìn. Nígbà tó jí, ó tu èéfín dúdú sí mi láyà. Ìrọ̀lẹ́ la dé Ṣakété, oúnjẹ ti tutù, ojú àwọn àgbà ti le. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní mò ń tún àtẹ́nátọ̀ ṣe. Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ fún un. Ọkọ tí ọkọ̀ ò lè gbé kúrò nílé, ibo ló máa sá lọ?"

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í yin ohunkóhun kí n tó rí ìgbóná rẹ̀, èèyàn tàbí díyọ́ọ̀dù. Mò ń rẹ́rìn-ín ara mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ibì kan ni mo fi irọ́ sí: èmi kọ́ ni mo ti ọkọ̀. Ìyá Músílì àti Alájì ló tì í. Ìdí sítíárìn ni mo jókòó sí, nítorí agbádá. Aṣọ ìyàwó mi ni èéfín bà jẹ́.