Ẹkún Mopélọ́lá Lọ́jọ́ Tí Ọkọ̀ Fẹ́ Gbéra

Ṣé ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí tiẹ̀ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran? Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná, kí n sọ fún yín. Ẹni tó bá ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí mi, irọ́ ló ń pa. Ojú mi ló ṣe.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń kọ sínú fóònù yẹn. Ẹ ó mú àwọn èèyàn inú fíìmù onífíìmù, ẹ ó máa bá wọn wá ọkọ, ẹ ó máa bá wọn wá ìyàwó. Ní gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kórìíra ara wọn. Ọmọbìnrin á kọsẹ̀, ọkùnrin á gbá a mú. Òjò á wá rọ̀, ọmọbìnrin á sunkún sá lọ, ọkùnrin á lé e bá. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀ ni? Àwa ti ṣe é títí ó fi sú wa, kí wọ́n tó bí ìyá yín.

Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ìkìrun, ìwé aláwòrán tó ń sọ ìtàn ìfẹ́ ló gbòde. Àwa ò lágbára àtirà á, ara àkàrà la ti ń kà á. Ìyá Àyọ̀ká alákàrà, tó ń dáná lẹ́bàá ọ̀nà, máa ń fi ògbólógbòó ìwé bẹ́ẹ̀ wé ọjà rẹ̀. Tí a bá jẹ àkàrà tán, a ó nu epo kúrò lójú ìwé, a ó wá kà á. Àmọ́ ìparí ìtàn kì í bá wa débẹ̀. Ọmọbìnrin á ti kọsẹ̀, kò tíì ní balẹ̀, ìwé á sì ti tán.

Ibẹ̀ ni Mopélọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, ti wúlò. Òun ló ń bá wa parí ìtàn. Bó bá ti ń sọ ọ́, àwa yòókù la ó máa bá a ṣẹ́ etí aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, kó má baà dánu dúró. Ẹ̀rọ á máa dún, òórùn àkàrà á máa wọlé. Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ mí gan-an.

Ládépò onífọ́tò wà ní òdìkejì títì. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ Mopélọ́lá, ó wá ń dúró kó jẹ́ hẹn. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí bí ẹyin ojú. Àmọ́ tí a bá ní kó dá a lóhùn, á ní:

"Kí n kàn ya ẹnu, kí n ní hẹn? Kí ló wá dùn nínú ìyẹn? Ṣé ẹ kà á bẹ́ẹ̀ lára àkàrà rí?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ìjà ló kọ́kọ́ wá. Ó mú fọ́tò tí Ládépò yà fún un padà lọ, ó ní ó ya òun bí ọ̀bọ. Ó ń retí kí inú bí i, kí wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀. Ládépò ní, "Má bínú, jókòó, màá tún un yà." Ó sì tún un yà lóòótọ́.

Ìkọsẹ̀ ló kàn. Ó lọ kọsẹ̀ níwájú ilé fọ́tò, nígbà tí Ládépò gbé kámẹ́rà lọ́wọ́. Ládépò wo Mopélọ́lá tó ń ṣubú bọ̀, ó wo kámẹ́rà, ó sì di kámẹ́rà mú gírígírí.

"Ti ọ̀gá mi ni!" ló ń pariwo.

Inú omi tí wọ́n fi ṣan fọ́tò ni ọ̀rẹ́ mi balẹ̀ sí. A ní kó jáwọ́, kò gbọ́. Ó tún lọ bẹ Rájí oníbúrẹ́dì pé kó wá máa bá òun rìn kọjá níbẹ̀, kí Ládépò lè jowú. Bí Ládépò ṣe rí wọn, ó sáré gbé àga jáde.

"Ẹ jókòó, ọ̀fẹ́ ni. Rájí, sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ẹ rẹ́rìn-ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú ara kámẹ́rà rẹ̀, kò tètè yọ jáde. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Fọ́tò náà sì dán mọ́rán.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ló gbé àpótí wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Onífọ́tò kan ti pè é sí Jọ́ọ̀sì.

"Mopélọ́lá, ọkọ̀ ti ń kó ẹrù. Bó o bá jẹ́ hẹn, mi ò lọ mọ́. Bó ò bá jẹ́ hẹn, mi ò padà wá mọ́. Èwo ni ká ṣe?"

Èmi fúnra mi já a ní èékánná lẹ́yìn itan. Hẹn ṣáá ni! Ibi tó ti ya ẹnu ni àrá ti sán. Ojú Mopélọ́lá là: òjò ń bọ̀! Ló bá figbe ta, ó fa gèlè bojú, ó bẹ́ sí títì, ó ń sunkún lọ. Ó gbà pé Ládépò ń lé òun bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Ládépò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọbìnrin tí o ní kó jẹ́ hẹn, tó bú sẹ́kún tó sì sá lọ, ó ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá tún ń lé e kò nítìjú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wa, ó gbé àpótí rù, ó gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.

Àwa la lé Mopélọ́lá, tàwa ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ẹkún ló ń sun lóòótọ́, omijé ń dà wàràwàrà. Àmọ́ nígbà tó dé etí gọ́tà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fò ó. Ó dé ibi tí ewúrẹ́ ti ki ẹnu bọ ẹ̀wà Ìyá Àyọ̀ká, ó lé e kúrò. Ó rí Ìyá Àyọ̀ká fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, "Ẹ kú ìdáná, mà." Ó dìde, ó ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.

Ìyá Àyọ̀ká gbé ṣíbí kúrò nínú epo. "Ìwọ ọmọ yìí, dúró. Kí lò ń ṣe?"

"Ẹkún ni mò ń sun, mà."

"O sì rí gọ́tà?"

"Mo rí i, mà."

"O rí ewúrẹ́?"

"Mo rí i, mà. Ó tiẹ̀ ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀."

"Háà! Àṣé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran! Ó dáa, yíjú padà, kó o wo ẹni tó ń lé ọ bọ̀."

Mopélọ́lá yíjú padà. Àwa ló rí, àti ewúrẹ́. Lọ́ọ̀ọ́kán, ní ibùdókọ̀, ó rí ẹ̀wù funfun Ládépò tó ń gun orí ẹrù lọ. Ẹkún tó wá bú sí nígbà náà, kò sí lára àkàrà kankan. Ó ju gèlè nù, ó fi ibùdókọ̀ ṣe ọ̀nà. Òjò sì dé.

"Hẹn!" ló ń ké bọ̀. "Hẹn o! Mo ní hẹn!"

Awakọ̀ ní, "Ta ló bi í ní nǹkan?"

"Èmi ni!" ni Ládépò wí. Bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lára irin tútù, ó ń já bọ̀. Mopélọ́lá, tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti mú apá rẹ̀ le, na ọwọ́ méjèèjì, ó gbá a mú, kò sì jẹ́ kó kan ilẹ̀. Obìnrin gbá ọkùnrin mú! Ẹnu yà wá débi pé a ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ìyẹn sínú fóònù yín lọ́jọ́ kan.

Ládépò ti fi wá sílẹ̀ báyìí, ó ti pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sunkún débi tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi dì í mú lápá ọ̀tún, lápá òsì. Kò sẹ́ni tó lè ní kó dákẹ́. Àárín ẹkún yẹn ló ti gbójú sókè, tó wo fọ́tò ọkọ rẹ̀ lára ògiri.

"Ta ló gbé e kọ́ wọ́gọwọ̀gọ báyìí?"

Ó já ara rẹ̀ gbà, ó dìde, omijé ń dà, ó tún fọ́tò náà gbé kọ́, ó fi etí ìró nu gíláàsì rẹ̀. Ó jókòó padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹkún náà níbi tó ti dá a dúró. Èmi wo ojú rẹ̀, òun náà wo ojú mi, ẹ̀rín fẹ́ pa mí níbi ìsìnkú.

"Má wò mí," ló wí. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."