Ọ̀nà Tí Mítà Mi Gé Kúrú

Akísà tútù ló wà lọ́wọ́ mi, mo ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára táyà mẹ́rin tuntun tí mo fi sẹ́sẹ̀ píkọ́ọ̀pù mi, nígbà tí wọ́n gbé ẹrù Àlùfáà ìjọ wa dé ẹnu ọ̀nà ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Mo lè gbàgbé ọjọ́ orí mi, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé Sátidé náà. Àwọn tó ṣojú wọn kò sì ní jẹ́ kí n gbàgbé.

Kí ẹ tó lè fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa, ó yẹ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Pákó ni mò ń tà. Ilé ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń rà á, mo sì ń gbé e lọ fún àwọn káfíńtà tó ń kọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọkọ mi tó ti dolóògbé ló fi píkọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ fún mi, èmi fúnra mi ni mo sì ń wà á. Ìyá Onípákó ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ iye epo tó kù nínú táǹkì ti kú tipẹ́. N kò tún un ṣe, nítorí ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀ mi. Bí mo bá ti rọ epo kún táǹkì, màá kọ iye kìlómítà tí mítà ọkọ̀ kà. Bí mo bá ti rin ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà, màá tún rọ epo. Mo mọ̀ pé díẹ̀ péré ló máa ń kù nínú táǹkì nígbà náà, ọjọ́ burúkú ni mo fi ìyẹn pamọ́ fún. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, epo kò tán mọ́ mi lójú ọ̀nà rí. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ènìyàn, pàápàá nígbà tí wọn kò bi mí.

Ẹrẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ táyà. Níbi ìkọ́lé kan lẹ́yìn yunifásítì, ọkọ̀ mi rì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tì í jáde fi orúkọ mi kọrin. Orin náà dùn, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí. Ni mo bá ra táyà tó ga, tó sì fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Múfútáù, mẹ́káníìkì mi ní Orù, ló bá mi fi wọ́n sí i. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ọwọ́, ó yí ọkọ̀ náà ká.

"Ìyá Onípákó, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí sùn sọ́dọ̀ mi. Táyà yìí tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n wo bíréèkì, kí n rẹ iná iwájú sílẹ̀, kí n sì tún mítà ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni yóò máa pa fún yín."

"Mítà ọkọ̀ mi kì í purọ́."

"Kò mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa ni, mà. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ń kà, kò rí ọ̀nà. Bí ẹ bá rán ọmọdé àti géńdé láti ibí dé Awà, ìṣísẹ̀ ta ló máa pọ̀ jù?"

"Ti ọmọdé."

"Ẹ̀hẹn. Ọkọ̀ yín ti di géńdé. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ ti dín kù, mítà sì ṣì rò pé ọmọdé ni."

Mo ní mo ti gbọ́, màá gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé. N kò gbé e padà. Àwọn káfíńtà ń dúró de pákó, àti pé, kí n má purọ́, gíga tí mo ga lórí ìjókòó mi dùn mọ́ mi. Mo ń wo orí òrùlé ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ọlọ́kadà tó ń bọ̀ níwájú a máa gbọ́wọ́ sókè sí mi, èmi náà a sì máa juwọ́ sí wọn. Mo rò pé ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ń bá mi yọ̀ fún. Ojú ni wọ́n ń fi ọwọ́ bò nítorí iná ọkọ̀ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo rí ohun ìyanu kan. Láti ẹnu ọ̀nà ilé mi dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, kìlómítà mẹ́rìndínlógún ni. Ó wà nínú ìwé mi ní àìmọye ìgbà. Àfi bí mítà ṣe ka mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo padà sílé, ó tún ka mẹ́rìnlá. Ẹlòmíràn ì bá rántí ọmọdé àti géńdé. Èmi rí ìdí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń wakọ̀ lójú ọ̀nà yẹn: a yà sọ́tùn-ún fún ihò yìí, a yà sósì fún tọ̀hún, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ará ilé ẹ̀bá ọ̀nà nínú pálọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n táyà ńlá kì í yà fún ihò, orí ihò ló ń gbà kọjá. Nítorí náà, mo ti ń lọ tààrà, yíyà tí n kò yà mọ́ sì ti dín ìrìn mi kù. Mo ṣí ìwé mi, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: *Ọ̀nà ti kúrú. Ihò kò fi wá ṣeré mọ́.*

Nígbà tí mo ń kọjá ní Orù, mo dúró sọ fún Múfútáù. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

"Kìlómítà méjì lẹ ti ń fi yà fún ihò láti ọjọ́ yìí?"

"Ìwọ náà mọ bí ihò ọ̀nà yìí ti pọ̀ tó."

Ó tún gbé sípánà rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá ènìyàn jiyàn ihò ní agbègbè wa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé Àlùfáà wa lọ sí ìjọ kan lápá Abìgì, ní Wọ́tásáìdì létí ọ̀sà. Àṣà wa ni pé ìjọ tí àlùfáà ń fi sílẹ̀ ló máa kó ẹrù rẹ̀ dé ibùdó rẹ̀ tuntun. Nínú ìpàdé, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, mo dìde. Mo ní ọkọ̀ mi ló máa kó o. Wọ́n ní aago mọ́kànlá ni ìsìn tí wọ́n fi máa gba Àlùfáà wọlé. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni màá débẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò mọ̀ pé ìjókòó ló yẹ kí n jókòó.

Ní òwúrọ̀ náà, Àlùfáà ti ṣáájú lọ nínú ọkọ̀ rẹ̀ kékeré pẹ̀lú àwọn ọmọ àti àwọn àgbà ìjọ. Àyè kò sí mọ́ níbẹ̀, nítorí náà àpótí tí aṣọ ìsìn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ mi. Ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Àlùfáà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kọ̀ láti bá wọn lọ.

"Ibi tí aṣọ ìsìn bá wà ni mo wà," ó ní. "Ọkọ mi lè dé láìsí èmi, kò gbọdọ̀ dé láìsí aṣọ."

Ọkọ̀ mi ga débi pé kò lè gun un. Mo gbé ìjókòó onígi kékeré kan jáde nínú ilé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, a sì lọ. Ìjókòó náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi títí mo fi padà.

Mo ti ṣí ìwé mi wò kí n tó ṣíná ọkọ̀. Mo ti rin igba kìlómítà láti ìgbà tí mo ti rọ epo. Ìrìn tí a fẹ́ rìn kò ju ọgọ́rin lọ. Igba lé ọgọ́rin: ogún á ṣì ṣẹ́ kù kí ó tó pé ọ̀ọ́dúnrún. Mo kọjá ilé epo mẹ́ta lójú ọ̀nà, mo wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tó ti jẹun yó ṣe ń wo oúnjẹ.

Nígbà tí a dé títì ńlá, mo ń kọjá lára àwọn ọkọ̀ tó máa ń kọjá lára mi tẹ́lẹ̀. Mo rò pé àwọn ènìyàn ti ń kọ́ sùúrù ni. Ìyá Àlùfáà di irin òkè ilẹ̀kùn mú.

"Ìyá Onípákó, ẹ ń sáré o."

"Ọgọ́ta péré ni. Ẹ wò ó."

Ó wo mítà, ó wo ìta. "Ọgọ́ta ni mítà wí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn igi yìí ń wí nǹkan mìíràn."

A yà sí ọ̀nà Abìgì. Igbó wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Mo wo mítà, mo ka ìwé mi. Igba lé ọgọ́ta.

"Kí ló ṣe é?" Ìyá Àlùfáà bèèrè.

"Epo kò lè tán."

"Mi ò bi yín bóyá epo ló tán, mà."

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ kan gbogbo ohun tí mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo tẹ bátìrì, mo yọ wáyà, mo dá a padà. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ọ̀run ni mo yẹ̀ wò, àyàfi táǹkì. Nígbà tó yá, Ìyá Àlùfáà, tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ nítorí ìjókòó tí a gbàgbé, yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ ṣáà fetí sí ẹnu táǹkì, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń wí. Èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ṣí i, mo mi ọkọ̀ náà. Táǹkì dún bí agbè òfìfo. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ lù bí mo ṣe dúró síbẹ̀, aago tí mo ṣèlérí lójú gbogbo ìjọ. Fóònù kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Aṣọ tí ọkùnrin kan máa fi dúró níwájú ìjọ rẹ̀ tuntun wà nínú igbó lọ́dọ̀ mi.

Bàbá àgbàlagbà kan ló gbà wá, ó gun ọ̀kadà, ó di kẹ́ẹ̀gì epo sẹ́yìn. Ó wo ọkọ̀, ó wo òkè.

"Ta ni ayaba tó jókòó sókè yìí?"

"Ìyàwó Àlùfáà ni, bàbá. Epo ló tán mọ́ wa." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó korò bí jogbo.

"Epo ọkọ̀ ojú omi ni mo gbé o. Mo ti po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, bí a ṣe ń lò ó lórí ọ̀sà nìyẹn. Ó máa gbé yín débẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ pọ̀."

Mo ní èéfín kò burú. N kò tíì rí i nígbà yẹn. Ó da ìdajì kẹ́ẹ̀gì fún wa, kò gba nǹkan kan. Ó ní kí Àlùfáà ṣáà fi àwọn apẹja sínú àdúrà.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tí a wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a tó dé ni èéfín ti dé. Ó funfun, ó ki, ó bo àwọn akọrin tó ti tò sẹ́nu ọ̀nà, orin inú ìwé di ikọ́. Nígbà tí ojú mọ́ díẹ̀, mo rí Àlùfáà wa. Aṣọ ìsìn kátíkíìsì ìjọ náà ni wọ́n yá a. Kátíkíìsì náà kúrú, Àlùfáà wa ga, aṣọ náà sì parí sí ojúgun rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, nígbà mẹ́rin. Ó ní Ìyá Onípákó kì í pẹ́.

Àwọn akọrin méjì gbé àga gbọọrọ kan wá, ìyàwó rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpótí lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ láti bẹ Àlùfáà. Ó fà mí dìde, ó wo èéfín tó ṣì ń yọ lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ìjọ tiwa kì í sun tùràrí, Ìyá Onípákó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun, a ti rí i lónìí."

Ó lọ wọ aṣọ rẹ̀. Ìsìn bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó lẹ́yìn pátápátá, àwọn tí a jọ wà lórí àga kan náà sì ń rọra sún kúrò lára mi, títí àga náà fi kù fún èmi nìkan.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ọkọ̀ lọ sí Orù láìsí pé ẹnikẹ́ni rán mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Múfútáù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fún òun ní ìwé mi. Ó ka ojú ewé tí mo ti kọ *Ọ̀nà ti kúrú*, ó dá a padà fún mi, ó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tó jáde, ó ní ìwé náà wúlò o. Ó ní ẹlòmíràn ì bá máa méfò, ṣùgbọ́n nítorí pé mo kọ mẹ́rìndínlógún ti tẹ́lẹ̀ àti mẹ́rìnlá ti ìsinsìnyí sílẹ̀, òun mọ iye eyín tó yẹ kó wà lára irin róbótó tó ń yí wáyà mítà nínú gíábọ́ọ̀sì. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó rẹ iná iwájú sílẹ̀, ó tún bíréèkì ṣe, ó jí abẹ́rẹ́ epo dìde kúrò nínú òkú. Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì wa ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé mi dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Mẹ́rìndínlógún géérégé.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹsẹ̀, kó tún ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ kà. Ènìyàn sì lè kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa kó má mọ ohun tó kọ. Mo mú bírò, mo ṣí ìwé mi, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi kí n tó kọ lẹ́tà kan. Múfútáù na ọrùn wo ohun tí mo fẹ́ kọ.

"Ìyá Onípákó," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti na ọ̀nà padà."