Mọ́tò Kì Í Pẹ́

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ìjọba yìí fẹ́ràn ara rẹ̀ ju bí ìyá tó bí i lọ́mọ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Láràárọ̀, kó tó gun pèpéle níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yóò kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé ọ́fíìsì, yóò tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, yóò sì mi orí sí ara rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sẹ́ni tó fi í joyè, òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́.

“Èmi Òfin-Ò-Mojú,” ni yóò wí. “Èmi Dúró-Gbọin-Bí-Òpó. Èmi Dájọ́-Má-Ṣègbè.”

Àwọn ọmọ yóò pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́ mọ ohun tí yóò fojú rí.

Òfin kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn, ìyẹn òfin apẹ́lẹ́yìn. Aago ńlá kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Bó bá ti kan mẹ́jọ láàárọ̀, tàbí tí àkókò ìsinmi ọ̀sán bá ti parí, adènà yóò ti géètì pa. Ọmọ tó bá wà lóde di ọ̀daràn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó ru yanrìn kó tó wọlé. Yanrìn tí ìjọba dà sẹ́bàá géètì níta ni, kí wọ́n lè fi tún ògiri kíláàsì tó lanu ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í rù ú lọ sí kíláàsì. Ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n ń rù ú lọ, níbi tí ilé tuntun kan ti ń yọrí. Ẹ má jẹ́ ká máa pa á mọ́nú: ilé Òfin-Ò-Mojú ni.

Bí bíríkìlà bá wá ké pé yanrìn kò tó, ṣé ó yẹ kí ilé dúró nítorí pé àwọn ọmọ tètè dé? Igbákejì ọ̀gá yóò gun àga adènà, yóò ti ọwọ́ aago síwájú díẹ̀. Àwọn ọmọ tó sáré wá láìjẹun yóò kàn dé, wọn yóò bá géètì ní títì.

Òfin náà ò mojú lóòótọ́, àmọ́ ó mọ mọ́tò. Ọmọ tí wọ́n bá fi mọ́tò gbé wá, ìgbà tó wù ú ni kó dé. Adènà sì rèé, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá ṣe wí fún un ló ṣe máa ṣe é, kò ní yọ, kò ní fi kún un. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá yìí fi fẹ́ràn rẹ̀.

“Ẹni tó bá fẹsẹ̀ wá lẹ́yìn tí aago ti lù, tì í mọ́ta,” ló pa láṣẹ fún un lójú gbogbo ilé-ìwé. “Kódà bó jẹ́ èmi.”

Ọ̀gá àgbà fẹ́ fẹ̀yìn tì, alábẹ̀wò ìjọba sì ń bọ̀ láti wo bóyá igbákejì rẹ̀ yẹ sípò náà. Dájọ́-Má-Ṣègbè ti wá ẹni tí yóò fi ṣe àfihàn lọ́jọ́ náà: ọmọ aránṣọ kan tó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ọ̀nà ọmọ náà jìn, ó sì máa ń bá ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde kó tó kúrò nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tì í mọ́ta, ọjọ́ tí wọ́n ti ọwọ́ aago síwájú sì ni méjèèjì. Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

“Ìyá, òfin ò mojú,” ni igbákejì ọ̀gá fèsì. “Bó bá tún pẹ́ pẹ́nrẹ́n, kò ní ṣe ìdánwò àṣekágbá. Kó máa bá yín ránṣọ.”

Ilẹ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò mọ́, bíríkìlà sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rẹ́ ilé lónìí, yanrìn dà? Ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tó ka ara rẹ̀ sí ológbò. Igbákejì ọ̀gá rò ó wò. Ẹni ńlá bí alábẹ̀wò, inú mọ́tò ni yóò ti yọjú, aago ò sì kan mọ́tò. Ló bá gun àga.

Nígbà tó yá, ó lọ sí géètì láti dúró de àlejò rẹ̀. Àwọn apẹ́lẹ́yìn wà lórí ìkúnlẹ̀ lóde. Ọmọ aránṣọ ló wà níwájú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Obìnrin kan tó gbé àpò aṣọ kọ́ èjìká dúró tì wọ́n, eruku ti bo bàtà rẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀, sà,” ni obìnrin náà wí. “Aago ọwọ́ mi ní mẹ́jọ ò tíì lù.”

“Aago yín lè máa dájọ́ nílé yín, ìyá. Tibí ló ń dájọ́ níbí.”

Mọ́tò kan fọn fèrè. Adènà ṣí géètì gbayawu, ọmọ alága ẹgbẹ́ òbí wọlé pẹ̀lú ṣúngọ́ọ̀mù lẹ́nu. Obìnrin náà wò ó títí ó fi kọjá.

“Ìyẹn ńkọ́, sà? Òun ò pẹ́ ni?”

“Mọ́tò kì í pẹ́. Ọ̀nà ló máa ń dí.”

“Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó pinnu láti tún un sọ lórí pèpéle. Obìnrin náà bi ọmọ aránṣọ pé ìgbà wo ló kúrò nílé. Ọmọ náà ní ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí òun ti wà lọ́nà, ṣùgbọ́n aago ibí máa ń sáré ju òun lọ. Igbákejì ọ̀gá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní kí ọmọ náà dágbére fún ìdánwò, ó sì kọjú sí obìnrin náà.

“Bí àánú wọn bá ń ṣe yín, ẹ bá wọn ru yanrìn.”

Kò tiẹ̀ bi í pé ta ni. Obìnrin náà mú bàsíà kan nílẹ̀, ó bu yanrìn sí i, ó sì tẹ̀ lé àwọn ọmọ.

Gbogbo ilé-ìwé tò síwájú pèpéle, mọ́tò àlejò kò dé. Igbákejì ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ dí àkókò. Ó ki ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ó sì sọ ti mọ́tò tí kì í pẹ́ àti ẹsẹ̀ tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Bó ṣe ń dúró de àtẹ́wọ́ ni àwọn apẹ́lẹ́yìn wọlé, obìnrin náà sì ṣáájú wọn, bàsíà wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà fò dìde, ó sáré lọ pàdé rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ojú ọ̀nà mọ́tò yín la ń wò.”

“Mọ́tò mi bàjẹ́ lọ́nà,” ni alábẹ̀wò dáhùn. “Mo fẹsẹ̀ rìn. Ẹ má bínú, ẹsẹ̀ ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́.”

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn títí dé iwájú. Dúró-Gbọin-Bí-Òpó bẹ̀rẹ̀ sí í tú táì ọrùn rẹ̀.

Alábẹ̀wò gbé bàsíà kalẹ̀ síwájú rẹ̀. “Bíríkìlà yín ní kí n kí yín. Ó ní tòní ò tíì tó.”

Ó ní kí àwọn olùkọ́ wo aago ọwọ́ wọn. Kò sí èyí tó bá ti ara ògiri mu. Ó bi adènà pé ta ló ń ti ọwọ́ aago. Adènà, ẹni tí kì í yọ tí kì í fi kún un, ní igbákejì ọ̀gá ni, orí àga òun ló máa ń gùn.

“Dájọ́-Má-Ṣègbè,” ni obìnrin náà wí, “ẹ tún ẹjọ́ ọmọ aránṣọ dá.”

“Ó lè ṣe ìdánwò rẹ̀,” ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Ẹ wí i sókè, kí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́.”

Ó wí i sókè. Alábẹ̀wò ní kó gbàgbé ipò ọ̀gá, kó sì dá yanrìn ìjọba padà sídìí ògiri kíláàsì lónìí, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ bá a fọwọ́ kàn án. Báyìí ni ẹni tó gun pèpéle láàárọ̀ ṣe bọ́ kóòtù, tó gbé bàsíà rù, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú àwọn tó fi àtẹ́wọ́ tipátipá kọ́. Mi ò káàánú rẹ̀.

Àkókò ìsinmi parí, àwọn ọmọ wọ kíláàsì. Aago tí wọ́n ti tún ṣe lù. Òfin-Ò-Mojú dé géètì pẹ̀lú yanrìn lórí, òógùn ń ro tótó, ó bá a ní títì.

“Adènà, ṣílẹ̀kùn. Èmi ni.”

Adènà wo aago, ó wo ọ̀gá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

“Mo rí yín, sà. Mọ́tò yín dà?”