Àdàkọ Tí Àbdùlrásàq Kó Lọ sí Bobiel

Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná. Èyí kì í ṣe ohun tí à ń fi etí kan gbọ́.

Àbdùlrásàq ni akọ̀wé ilé kéwú àwọn ọmọ Ìlọrin ní àdúgbò Gamkalley. Láti ọjọ́ tó ti ra kọ̀mpútà sí ọ́fíìsì, kò dáhùn orúkọ rẹ̀ mọ́. "Mùsé Dìrẹ́kítọ̀" ló ń jẹ́, ìyẹn Ọ̀gá Olùdarí lédè Faransé, Ọ̀kan-ṣoṣo-tó-mọ-ibi-bọ́tìnì-wà. Gbogbo Jímọ̀ ló ń wọ bàbáńrìgà, tí yóò ya àwòrán ara rẹ̀, tí yóò fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn tó ti parí Al-Kùránì nínú kọ̀mpútà.

Ikán ti jẹ ojúlówó ìwé orúkọ náà. Inú kọ̀mpútà nìkan ni orúkọ kù sí, Zuhrah, ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì, ló sì tẹ̀ wọ́n. Òun ló ní kí àdàkọ wà níbòmíràn, torí odò kò jìnnà. Àbdùlrásàq ní kó máa lọ sínú kọ̀mpútà kejì nílé òun ní àdúgbò Bobiel, níbi tí omi kì í dé. Ẹ wo ọgbọ́n tó dá, ọgbọ́n gidi sì ni, mi ò purọ́: kọ̀mpútà kò ní máa kó gbogbo ẹrù lójoojúmọ́. Ohun tó bá yí padà nìkan ni yóò gba íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Ìṣẹ́jú kan, ó ti dé.

Zuhrah bi í pé odindi ẹrù àkọ́kọ́ ńkọ́.

"Ẹni tó ti ru iṣu délé kì í padà lọ rù ú lóko."

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rù ú?"

"Mùsé Dìrẹ́kítọ̀ ni kí o máa pè mí."

Ní oṣù kẹjọ, odò wọ ọ́fíìsì. Kọ̀mpútà lúwẹ̀ẹ́ títí ó fi kú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé ìwé kan ní Koira Kano fẹ́ gba Tọ̀yìbátù, ọ̀kan lára àwọn tó ti parí Al-Kùránì lọ́dọ̀ wa, síṣẹ́ olùkọ́ kéwú, bó bá lè mú ìwé ẹ̀rí dé kó tó di ọjọ́ Ajé. Láìsí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kò sí ẹ̀rí.

Àbdùlrásàq rẹ́rìn-ín. Ó ní kí gbogbo ayé wá sí Bobiel wá wo ohun tí ìmúrasílẹ̀ ń jẹ́. Lèmọ́mù tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wá. Tọ̀yìbátù àti ìyá rẹ̀, Mọ́rìlíátù, wá. Ìdajì Gamkalley wá. Ó ta aṣọ funfun sára ògiri kí orúkọ lè hàn gbàgàdà, ó tẹ bọ́tìnì.

Àbdùlrásàq nínú bàbáńrìgà funfun. Àbdùlrásàq nínú ti aláró. Àbdùlrásàq pẹ̀lú awò dúdú.

"Orúkọ ń bọ̀," ló wí.

Nínú àwòrán kejìlélọ́gbọ̀n, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. Ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, ó kọ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mọ́rìlíátù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Bóyá ọmọ mi wà lẹ́yìn yín."

Ó parí sórí ìkẹrìnléláàádọ́ta. Zuhrah wá ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé láti ìgbà tí ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó parí kéwú, nítorí náà orúkọ kò yí padà rí, odindi ẹrù àkọ́kọ́ kò sì lọ rí. Mùsé Dìrẹ́kítọ̀ nìkan ló ń yí padà.

Lèmọ́mù kọ́kọ́ wúkọ́. Àwọn tó kù kò rí ikọ́ wú. Ẹ̀rín ni wọ́n rí.

Lèmọ́mù ní kí Tọ̀yìbátù jókòó, kó ké Yáásínì láti orí dé ìdí. Ó ké e, kò kọsẹ̀. Lèmọ́mù fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀, ó sì na gègé sí Àbdùlrásàq.

"Kọ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ni kí o fi kọ ọ́. Ó ku irínwó orúkọ."

Bí ẹ bá rò pé mò ń fi iyọ̀ sí i, ẹ gba mọ́sáláásí Gamkalley kọjá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tó ti parí kéwú tò lọ síta, wọ́n ń ké níkọ̀ọ̀kan, ó ń kọ. Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti kéwú, ẹ kúkú tò, kó kọ tiyín.