Ìdánwò Nínú Yàrá Ẹyẹ

Yàrá ẹ̀yìn ilé Bàbá Onígíláàsì kún fún bọ́jì, ìyẹn ayékòótọ́ kéékèèké tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ariwo wọn sì tó ti kíláàsì tí tíṣà kò sí. Ọ̀dọ́kùnrin akunlé kan dúró níwájú kéèjì, ọ̀dà funfun ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó wá tọrọ ọmọ bàbá náà láti fi ṣe aya. Bàbá, tó ń ta gíláàsì ojú fún gbogbo àdúgbò, tí kò sì gbà pé ẹlòmíì ń ríran, ní kó kọ́kọ́ wọ yàrá ẹyẹ wá kí òun yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò.

"O ní o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Mo gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti ní ẹnu ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lókè yẹn, ṣé akọ ni àbí abo?"

Akunlé wo ẹyẹ náà, ẹyẹ náà sì wò ó.

"Akọ ni, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó ń dá sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, kò sì dúró gbọ́ èsì."

Bàbá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Orí imú là ń wò. Ṣé o rí ẹran róbótó tó wà lókè ẹnu rẹ̀ yẹn? Tó bá jẹ́ aró bí èyí, akọ ni. Tó bá pọ́n rúsúrúsú bíi pákó, abo ni. Ọmọ ọwọ́ mọ èyí."

"Ẹ ṣé, sà. Mo rò pé ó fi imú kan ọ̀dà ni."

"Ọ̀dà." Bàbá sọ ọ́ bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. "Ó dáa. Tí mo bá kó ẹyẹ yẹ́lò yìí àti aláwọ̀ aró yìí pọ̀, àwọ̀ wo ni ọmọ wọn máa ní?"

"Àwọ̀ ewé, sà."

Ìdáhùn náà tọ̀nà, inú Bàbá kò sì dùn sí i rárá.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ da yẹ́lò àti aró pọ̀ sínú garawa, kẹ́ ẹ rò ó dáadáa, ewé ló máa yọ."

"Wọn kì í ro ẹyẹ. Ṣé o gbọ́ mi? O kàn ṣèèṣì gbà á ni. Ewé tí kò ní àbùlà àti aró ńkọ́?"

"Ewé tó ń lọ sí aró, sà. Irú rẹ̀ ni mo fi kun ilé ìwẹ̀ olùkọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú rẹ̀ dùn gan-an."

"Òpè. Ewé ló máa ń borí. Ewé ni gbogbo ọmọ wọn máa jẹ́, aró á wá sá pamọ́ sínú wọn."

"Ó sá fún ta ni, sà?"

"Kò sá fún ẹnikẹ́ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Lọ́jọ́ tí ewé méjì tó gbé aró pamọ́ bá pàdé, wọ́n lè ṣàdédé bí aró, gbogbo ilé á wá máa wo ara wọn lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bèèrè ìran ènìyàn kí n tó fún un lọ́mọ. Mi ò mọ ohun tó sá pamọ́ sínú tìrẹ."

"Bàbá mi àgbà máa ń sùn lọ nídìí oúnjẹ, sà. Mi ò mọ òmíràn."

"Ó hàn lójú rẹ."

Ó mú un lọ síbi kéèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Akọ kan àti abo kan wà níbẹ̀, aró ni àwọn méjèèjì, àpótí ìtẹ́ wọn sì wà lára kéèjì náà.

"Wo àwọn wọ̀nyí kí o tó kú. Aró kì í fi ewé pamọ́. Aró méjì ò lè bí ewé, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Àwọn ewé mi wà ní yàrá ọ̀tọ̀, kọ́kọ́rọ́ wọn wà lápò mi. Mi ò tíì ṣí ìtẹ́ yìí látìgbà tí àwọn ọmọ wà níhòhò, kí ìyá wọn má bàa bínú. Ìwọ ni mo fẹ́ ṣí i fún báyìí, kí o lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìran."

Ó ṣí ìtẹ́ náà. Orí aró mẹ́ta yọ síta. Ìkẹrin yọ tẹ̀ lé wọn, ó jẹ́ ewé.

"Wọ́n dára, sà. Èyí tó wà lẹ́yìn yìí ló wù mí jù."

"Dákẹ́."

"Ewé gidi ni."

"Mo ní kí o dákẹ́. Òjìji ló ń ṣe é."

Bàbá ká kọ́tìnì sókè. Oòrùn wọlé, ewé náà sì túbọ̀ jẹ́ ewé. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó mú òmíràn jáde lápò, ó wò ó pẹ̀lú ìyẹn náà.

"Bóyá wọn ò rò ó dáadáa, sà."

"Akọ ewé kan ti wọnú kéèjì yìí," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá yìí, àfi èmi àti ọmọ mi."

Omi ẹ̀rọ tí ọmọ Bàbá ti fi ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná láti àárọ̀ ṣàdédé dá. Inú akunlé dùn, ó rí i pé òun ti mọ ìdáhùn kan wàyí.

"Tèmi ni bàbá rẹ̀, sà. Ẹyẹ mi. Ọmọ yín ló ní ẹ ò lè fọmọ fún ẹni tí kò mọ ẹyẹ, ni mo bá lọ ra ewé kan kí n lè máa fi kọ́ṣẹ́. Tí mo bá gbé e wá, kì í fẹ́ dá wà. Ibí yìí la máa ń tì í sí kó lè rí ẹgbẹ́ rẹ̀."

"'A' wo?"

"Èmi àti ọmọ yín, sà."

"Nígbà wo?"

"Ní ọ̀sán, tẹ́ ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. A kì í pẹ́. Nígbà míì ṣá, a máa ń pẹ́."

Bàbá rọra pa ìtẹ́ náà dé.

"Ẹni tí kò mọ imú akọ yàtọ̀ sí ti abo. Ẹni tó ń fi igi ro ẹyẹ nínú garawa. Òun ló ba ìran tí mo ti ń tọ́ bọ̀ láti ìgbà èwe mi jẹ́. Kí lẹ̀yin méjèèjì wá ń ṣe nígbà tí ẹyẹ bá wà nínú kéèjì?"

"A máa ń jókòó, sà."

"Ẹ máa ń jókòó." Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná, tí kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ jáde. "Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé ẹyẹ rẹ nìkan ló fi ọmọ sílẹ̀ nínú ilé yìí?"

Akunlé wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan wá sẹ́yìn Bàbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ẹ jókòó ná, Bàbá. Tiwa ṣì wà nínú ẹyin, a ò tíì mọ àwọ̀ rẹ̀."